Àwọn Ọmọ Wa àti Ìrìn-àjò Ìsinmi: Ṣé Ó Di Ìlú Lisbon Ká Tó Rí Potogí?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti oògùn kókó, kì í sì í ṣe ti owó ìpín. Ti àwọn ọmọ wa ni, àwọn tó ti kúrò ní ọmọdé tí wọn kò sì tíì di àgbà, àti bí a ṣe lè lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn oṣù kẹjọ pẹ̀lú wọn láìkó gbèsè sọ́rùn ara wa.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó wọ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní Odode níbí, ó ní òun fẹ́ yá owó. Nígbà tí akọ̀wé bi í pé kí ló fẹ́ fi owó náà ṣe, ó kọ́kọ́ ń wolẹ̀. Ìgbà tó yá ló sọ ọ́. Ọmọ mẹ́ta ni òun ní: àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún 17, èyí tó tẹ̀ lé e 15, àbíkẹ́yìn 13. Àbúrò ìyá wọn ń gbé ní Lisbon, olú ìlú ilẹ̀ Potogí, ó sì ń fi àwòrán etíkun ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti mọ Cristiano Ronaldo lórí tẹlifíṣọ̀n, Potogí ṣáá ni. Àkọ́bí wá sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Dádì, ẹ ò tíì mú wa dé ibì kankan rí ju Àkúrẹ́ lọ." Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá. Ó ní ọmọ yẹn yóò wọ yunifásítì láìpẹ́, bóyá òun ò tún ní rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó jọ sójú kan mọ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àwa tí a jókòó síbẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, torí kò sí ẹni tó ní ọmọ tó tó bẹ́ẹ̀ nílé tí kò mọ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, bí ẹ bá ní ká lọ, ó ti wọ bàtà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún á bi yín pé níbo, kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, ṣé íntánẹ́ẹ̀tì wà. Á sì kọ́kọ́ sọ pé òun ò lọ. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni ọjọ́ tó kù fún yín láti bá rìn kò pọ̀ mọ́. A wá mú bírò àti ìwé, a jókòó ti ọ̀rọ̀ náà.

ÌṢIRÒ LISBON

Ẹni tó bá fẹ́ ti Nàìjíríà lọ sí Potogí gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, 90 yúrò ni owó físà yẹn fún àgbàlagbà, 45 yúrò fún ọmọ ọdún 6 títí dé ẹni tí kò tíì pé 12. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà: ọmọ ọdún 13, iye àgbàlagbà ló ń san. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta, 450 yúrò ti jáde lápò kí wọ́n tó mọ̀ bóyá wọn yóò fún wọn, bí wọ́n bá sì kọ̀, owó ọ̀hún kò padà. Lẹ́yìn èyí ni ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò tó gbọ́dọ̀ lè san ó kéré tán 30,000 yúrò bí àìsàn bá dé, ìwé báńkì, ìwé ibi tí ẹ ó sùn, àti owó bàlúù èèyàn márùn-ún. Oṣù keje àti oṣù kẹjọ sì ni Yúróòpù fúnra rẹ̀ ń sinmi. Ìgbà yẹn ni bàlúù àti họ́tẹ́ẹ̀lì máa ń wọ́n jù.

Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó o láìyá a, kó lọ, a ò ní kó má lọ. Ṣùgbọ́n kó tètè bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń gba ìwé ẹni láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, ẹni tó bá sì jẹ́ kó ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti pẹ́ jù.

Nígbà tí a sọ gbogbo rẹ̀ di náírà, èèyàn wa dákẹ́. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, yúrò ti di ohun tí a ń gbójú sókè wò. Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó sọ fún un láìfi bò pé àwọn kò ní lè bu ọwọ́ lù ú. Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà fún oko, fún ọjà, fún owó ilé-ìwé, fún àìsàn. Ìsinmi dára, ṣùgbọ́n kì í so èso tí a ó ká fi san gbèsè.

Bàbá àgbà kan wà láàárín wa tó ti ń ra kókó láti ìgbà tí Ìgbìmọ̀ Kókó ti ìjọba ṣì wà, kí wọ́n tó tú u ká ní 1986. Òun ló gbẹ́nu lé e. Ó ní, "Potogí tí ẹ fẹ́ náwó wá lọ sílé rẹ̀ yìí, ṣé òun kọ́ ló kọ́kọ́ wá bá wa níbí?"

Ìjókòó yẹn kò parí mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

OHUN TÍ POTOGÍ FI SÍLẸ̀ LỌ́DỌ̀ WA

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ta ló sọ Èkó ní Lagos? Àwọn atukọ̀ Potogí ni, ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ adágún omi ni ní èdè wọn. Ta ló sọ Àjàṣẹ́ ní Porto-Novo? Àwọn náà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni èbúté tuntun. Àgbàdo tí a ń sun lójú títì àti ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, ọkọ̀ Potogí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó wọn dé etíkun Áfíríkà.

Kókó ńkọ́? Ibí yìí ló kan àwa ará Ìdànrè jù. Láti ilẹ̀ Bùràsílì tó wà lábẹ́ Potogí nígbà kan ni wọ́n ti mú kókó wá sí erékùṣù Príncipe ní àwọn ọdún 1820, ó dé São Tomé, ó dé Fernando Pó. Láti ibẹ̀ ló fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ní nǹkan bí 1880, oníṣòwò Èkó kan, J. P. L. Davies, gba irúgbìn kókó lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi kan tó ti Bùràsílì dé, ó sì gbìn ín sí oko rẹ̀ ní Ìjọn, lápá Agége. Láti irú oko bẹ́ẹ̀ ni kókó ti ń ran káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tó ń béèrè Lisbon yìí, ojú ọ̀nà yẹn ló gbà wọlé. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀. Kí a má parọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí náà kò mọ̀.

Ìkejì ohun tó wà níbẹ̀ kò dùn-ún gbọ́. Ìlú kan wà ní gúúsù Potogí tí orúkọ tirẹ̀ náà ń jẹ́ Lagos. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1444, wọ́n kó èèyàn 235 tí wọ́n jí ní etíkun Áfíríkà sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, wọ́n pín wọn bí ẹran. Ìyá lọ sí apá kan, ọmọ lọ sí apá kejì. Oṣù kẹjọ ni, àní oṣù ìsinmi tí à ń sọ yìí. Ẹni tó bá mú ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ lónìí, etíkun dáradára ni wọn yóò fi hàn án. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi rò pé ó sàn kí ọmọ rí ìhín kó tó rí ọ̀hún.

Báyìí ni ìdílé mẹ́ta nínú wa ṣe pinnu láti rìnrìn-àjò pọ̀ ní oṣù kẹjọ tó tẹ̀ lé e: Odode sí Èkó, Èkó sí Àgbádárìgì, Àgbádárìgì sí Àjàṣẹ́, dé Ouidah ní ilẹ̀ Benin. Èèyàn mẹ́rìnlá ni wá, mẹ́jọ jẹ́ ọmọ ọdún 12 sí 18. Ohun tí a rí kọ́ nínú rẹ̀ la fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tó bá fẹ́ gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀.

OWÓ ÀTI ÀKÓKÒ

Àgbẹ̀ kókó kì í ní owó lọ́wọ́ lóṣù kẹjọ. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní ni owó gidi ń wọlé, díẹ̀ tún ń tẹ̀ lé e lóṣù kẹrin sí oṣù kẹfà. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ilé-ìwé bá padé kó tó máa wá owó ìsinmi, owó ilé-ìwé oṣù kẹsàn-án ni yóò jẹ. Nítorí náà, nígbà tí a ta kókó ni a ti ń yọ ọ́ sọ́tọ̀. Akápò ṣí ojú ewé kan fún wa nínú ìwé ìfowópamọ́, a pè é ní owó ìsinmi, a sì fi ọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yá nínú rẹ̀, àní olówó pàápàá. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Odode ń dá tirẹ̀ lọ́rọ̀ọ̀rún bí ẹni dá àjọ. Òun ló kọ́kọ́ dá tirẹ̀ pé.

Owó ilẹ̀ Benin, sẹ́fà, ìjọba wọn so ó mọ́ yúrò: 655.957 sẹ́fà ni yúrò kan, kì í yẹ̀. Náírà tiwa ló ń lọ tó ń bọ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi ṣẹ́ gbogbo owó wa lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ la ń ra sẹ́fà láti oṣù kẹrin, lọ́wọ́ ẹni tí a mọ̀. Ẹ má dúró dé ẹnu bọ́dà kí ẹ tó máa ka owó níṣojú èrò.

Ti oko ńkọ́? Oṣù kẹjọ ni òjò ń jẹ́ kí kókó jẹrà dúdú lórí igi, ẹni tó bá jìnnà sí oko lọ́sẹ̀ mẹ́ta yóò bá ìbànújẹ́. A fún oògùn lọ́jọ́ Jímọ̀, a sì gbéra lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ méje péré la lò, a padà kí ìfúnnisí mìíràn tó tó àkókò. Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lóṣù kẹjọ ló sàn fún yín, kí ọjà ìwé àti yúnífọ́ọ̀mù tó gbóná.

ÌWÉ ÌRÌNNÀ

Níbí la ti ṣe àṣìṣe, ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́ rẹ̀.

Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Àwọn èèyàn wa máa ń gbọ́ èyí, wọ́n á rò pé kò gba ìwé rárá. Ó gba ìwé! Pásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá ni, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní láti ní tirẹ̀. Pẹ̀lú rẹ̀ ni yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Láti ọdún 2016, ẹni tó bá ti gba abẹ́rẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó tó o títí ayé, ṣùgbọ́n ẹ gbà á ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó lọ. Káàdì tí èèyàn rà láìgba abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ.

Ìdílé kan nínú wa mú ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn kan dání, ọmọ ọdún 14. Pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ pé, káàdì rẹ̀ pé. Nígbà tí a dé ẹnu bọ́dà, wọ́n béèrè pé ìwé tí àwọn òbí ọmọ náà fi yọ̀ǹda rẹ̀ dà? Kò sí ẹni tó rántí. Orúkọ bàbá ọmọ yàtọ̀ sí ti ẹni tó mú un dání, kí ni a fẹ́ sọ? Òótọ́ wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ náà, torí à ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kó ọmọ kọjá níbẹ̀ lọ tà, ẹni tó bá béèrè ìwé ń ṣọ́ ọmọ wa ni. Ìdílé yẹn padà sí Àgbádárìgì lọ sùn, bàbá ọmọ lọ sí kóòtù ní Àkúrẹ́ lọ búra, ó fi ìwé ránṣẹ́ pẹ̀lú awakọ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n pàdánù, ọmọ náà ń sunkún pé nítorí òun ni. Bí ẹ bá mú ọmọ ọlọ́mọ dání, tàbí bí òbí kan ṣoṣo bá ń dá mú ọmọ lọ, ẹ gba ìwé ìyọ̀ǹda tí wọ́n búra sí ní kóòtù, kí ẹ so ẹ̀dà ìwé ọjọ́ ìbí mọ́ ọn.

Ọ̀kan ṣì kù, tó kan ẹ̀yin oníṣòwò. Ìrẹsì tó gba bọ́dà orí ilẹ̀ wọlé ti di èèwọ̀ láti 2016, adìyẹ inú yìnyín àti òkìrìkà sì wà lára ohun tí òfin kà léèwọ̀. Nígbà tí a ń bọ̀, ọwọ́ ń yún àwọn kan nínú wa. A ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìrìn-àjò tí a mú ọmọ dání kì í ṣe ìgbà tí a ó máa bá kọ́sítọ́ọ̀mù ṣe eré bojúbojú.

BÍ A ṢE JẸ́ KÍ ÀWỌN ỌMỌ NÍ ÌPÍN NÍNÚ RẸ̀

Àwa alájẹṣẹ́kù mọ̀ pé ẹni tí kò ní ìpín kì í wá sípàdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó ti gbójú. Nígbà tí a pe ìpàdé ìrìn-àjò, a pe àwọn ọmọ sí i, a sì jẹ́ kí wọ́n rí ìwé owó. Ẹnu yà wọ́n. Ọmọbìnrin ọdún 15 kan la fi ṣe akápò ojú ọ̀nà, òun ló ń kọ gbogbo ohun tí a ná sílẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Láti ọjọ́ kejì, kò tún sí ọmọ tó ń ní kí a ra mínírà tútù ní gbogbo ibi tí mọ́tò bá dúró, torí akápò kò gbà! Òmíràn ń ṣọ́ àkókò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan sì yan ibì kan ṣoṣo tí òun fẹ́ rí, kí ó ti kà nípa rẹ̀ ṣáájú, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nígbà tí a bá débẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ wa jù ni ti èdè Faransé. Ní Àjàṣẹ́, Yorùbá yín ó tó yín jẹun, ẹ ó rí ará ilé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọjá lọ sí Kòtónù, Faransé ni ti ọ́fíìsì, Fọ̀n ni ti ọjà. Ọmọ ọdún 13 tó ti ń kọ́ Faransé nílé-ìwé, tí kì í sọ̀rọ̀ nílé, òun ló di agbọ̀rọ̀sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá dúró sẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà ni ọmọ náà ti ń wo òun lójú sọ̀rọ̀.

Ẹ má kó ibi mẹ́rin jọ sí ọjọ́ kan. Ọmọ tó tó bẹ́ẹ̀ ń sùn, ó sì ń jẹun, ẹ jẹ́ kó sùn, ẹ jẹ́ kó jẹun. Ibì kan láàárọ̀, ìsinmi lọ́sàn-án, kí ẹ jáde díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ti fóònù, a fẹnu kò pé kò ní jáde nígbà oúnjẹ. Àwọn bàbá méjì ló kọ́kọ́ rú òfin yẹn, ká sọ òótọ́.

OJÚ Ọ̀NÀ

Òkè-Ìdànrè la fi bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé mẹ́rin nínú àwọn ọmọ mẹ́jọ kò tíì gun òkè tí wọ́n bí wọn sábẹ́ rẹ̀ rí? Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni, a gùn ún ní Sátidé kan, a fi ààfin àtijọ́ àti ilé ẹjọ́ àtijọ́ hàn wọ́n. Láti 2007 ni òkè wa ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. A fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ní kí wọ́n tó lọ wo tẹlòmíràn, a sì tún fẹ́ mọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò le.

Ní Èkó, a sùn sọ́dọ̀ ará, a sì lọ sí Pópó Àgùdà. Àwọn Agùdà ni àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsílì, tí àwọn kan nínú wọn àti ọmọ wọn padà wá, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́, èdè Potogí, àti oúnjẹ bíi fùrèjọ́n. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, ọ̀gá mọlémọlé Agùdà kan, João Baptista da Costa, ló ṣe é. Wọ́n ti wó ọ̀pọ̀ ilé wọn, ẹni tó bá fẹ́ rí èyí tó kù kó má pẹ́.

Ní Àgbádárìgì, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842 ni àwọn ọmọ ti gbọ́ nílé-ìwé. Ilé Sẹ̀ríkí Fàrẹ̀mí Williams Abass ni wọn kò gbọ́ rí. Yàrá kéékèèké 40 ni wọ́n ń kó èèyàn pa mọ́ sí níbẹ̀. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, wọ́n jí i kó lọ́mọdé, wọ́n tà á dé Bùràsílì. Ó padà wá, ó sì di ẹni tó ń ta èèyàn. Ọmọ ọdún 17 yẹn, èyí tó ní wọn ò mú òun dé ibì kankan rí, béèrè pé, "Ẹni tí wọ́n tà, báwo ló ṣe tún ń tà?" Kò sí àgbà tó dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. A jíròrò rẹ̀ títí di òru nílé tí a sùn sí. Nílé wa ní Odode, ọ̀rọ̀ wa pẹ̀lú ọmọ yẹn kì í kọjá "Ṣé o ti jẹun?"

Àjàṣẹ́ dùn ún gbé. Mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà níbẹ̀ tí àwọn Agùdà onímàle kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún: bí ẹ bá wo iwájú rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà ni ẹ ó rò pé ó jẹ́. Àwọn ọmọ ń ya fọ́tò. Àwa ní tiwa, ọgbà Songhai ni kò jẹ́ ká lọ mọ́. Ọmọ Nàìjíríà ni àlùfáà Kátólíìkì tó dá a sílẹ̀ ní 1985, Fáàdá Godfrey Nzamujo. Ìgbẹ́ ẹran di gáàsì ìdáná, ìdin eṣinṣin di oúnjẹ ẹja, omi ẹja lọ sí ọgbà ẹ̀fọ́, kò sí ohun tó ṣòfò. Ọmọkùnrin kan tó ti búra pé òun ò ní ṣe iṣẹ́ oko láéláé wá ń béèrè iye tí kòtò ẹja kan máa ná èèyàn. A kò dá sí i, a kàn ń tẹ́tí.

Kòtónù a kò pẹ́ níbẹ̀ ju kí wọ́n wo ère obìnrin jagunjagun tó ga tó mítà 30, tí wọ́n ṣí ní 2022, kí a sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ lé orí òpó nínú adágún Nokoué. Ọ̀kadà tiwọn ń jẹ́ zémijàn. Ẹ bá wọn ná kí ẹ tó gùn ún.

Ouidah, bíi kìlómítà 40 sí Kòtónù, la fi parí rẹ̀. Àwọn Potogí kọ́ ilé olódi síbẹ̀ ní 1721, wọ́n sì di í mú bí ẹni di egungun mú: Dahomey gba òmìnira ní 1960, wọn kò kúrò. Ìgbà tí ìjọba Dahomey lé wọn ní oṣù kẹjọ 1961, wọ́n dáná sun ún kí wọ́n tó jáde. Ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lẹ́yìn náà. Wọ́n ti ń tún un ṣe láti ọdún mélòó kan, ẹ béèrè kí ẹ tó lọ bóyá ó ṣí sílẹ̀.

Láti inú ìlú dé etíkun, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin, ọ̀nà tí wọ́n ń dari àwọn ẹrú gbà ni, Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1995 sì dúró ní òpin rẹ̀. A fi ẹsẹ̀ rìn ín. Oòrùn mú, ìyanrìn jinlẹ̀, àwọn ọmọ kọ́kọ́ ń kùn, nígbà tó yá wọ́n dákẹ́. Ìdílé tó dúró sí Àgbádárìgì bá wa níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọmọ tí kò ní ìwé ìyọ̀ǹda wà láàárín wọn, ó di ọwọ́ àǹtí rẹ̀ mú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun yẹn o, ìgbì rẹ̀ ń fa èèyàn lọ. A jókòó sórí ìyanrìn. Ọmọ ọdún 17 náà sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ṣì fẹ́ dé Lisbon lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ìlú Lagos tiwọn lọ́hùn-ún ni òun yóò kọ́kọ́ béèrè. Bàbá ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó rẹ̀.

Akápò ojú ọ̀nà ti fún wa ní ìwé ìṣirò rẹ̀, ó wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ wo ohun tí kálukú ná lórí mọ́tò, oúnjẹ àti ibi ìsùn. Iye rẹ̀ yóò ti yí padà, ṣùgbọ́n ẹ ó rí ibi tí owó ń gbà jáde. Ojú ewé owó ìsinmi ti ọdún tó ń bọ̀ yóò ṣí ní ìpàdé oṣù kẹwàá, ìdílé méjì ti fi orúkọ sílẹ̀.